Ìbọ̀sẹ̀ Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bí

Òwú tuntun ní òórùn tirẹ̀. Bí ènìyàn bá ya ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, tí ó sì ki imú bọ inú rẹ̀, yóò gbọ́ òórùn kan tó jọ ti aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò nínú oòrùn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ní Kàbà, tí mo ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lẹ́bàá títì tó lọ sí Lọ́kọ́ja, òórùn méjì ló wà lára mi. Èéfín irin ni gbogbo ayé ń gbọ́. Òórùn òwú, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. N kò sọ pé mo kórìíra iṣẹ́ wẹ́dà o. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó sì tún ń bọ́ mi títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi ní ọjọ́ tí òwú aláwọ̀ ewé iṣu dé ọjà, yóò mọ ibi tí ọkàn mi wà.

Ẹsẹ̀ tó kán ló fà á. Géètì kan tí a ń gbé sórí ọkọ̀ já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sì dá mi dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ méje. Ìyàwó ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì sí tèmi a máa jókòó ti ọkọ rẹ̀, a máa fi abẹ́rẹ́ kan tó ní ìwọ̀ lẹ́nu hun òwú, irú èyí tí àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ nílé ìwé tí wọ́n ń pè ní kíróṣè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wo ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ mi, ọmọ ìyá ni wọ́n: èmi ń fi iná so irin mọ́ irin, òun ń fi ìwọ̀ so òwú mọ́ òwú. Obìnrin náà wò mí títí, ó ní, "Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí. Gbà, hun tìrẹ, kí ẹnu rẹ lè sinmi." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ. Kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù yẹn tí n kò hun aṣọ ìborí rédíò fún, yálà ó ní rédíò tàbí kò ní.

Láti ìgbà náà ni ojú mi ti yí padà. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kọjá lára rẹ̀ ni èmi ń dúró wò. Mo mú sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan tó ti dípẹtà, mo tẹ ẹnu rẹ̀, mo fi fáìlì ha á títí tó fi ń dán, ó sì di abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé. Ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn ń yan orí àpáta, mo máa ń lọ sí ìsọ̀ àwọn olókìrìkà lọ bèèrè suẹ́tà. Ẹni tó ń tà á á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Ṣé ara rẹ yá ṣá?" Kò mọ̀ pé n kò fẹ́ wọ̀ ọ́, mo fẹ́ tú u ni. Ẹni tó bá ti tú suẹ́tà àtijọ́ rí yóò mọ adùn tí mò ń sọ: o wá ibi tí wọ́n ti dè é, o já a, o fà á pẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì máa tú bọ̀ bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò sọ àṣírí rẹ̀ fún. Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni; ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Èmi ní ṣòkòtò méjì nígbà náà, mo sì ní òwú tó kún páálí mẹ́rin.

Inú páálí tí wọ́n fi ń kó irin ìjóná wẹ́dà wá ni mo ń kó wọn sí, mo sì fi okùn dì wọ́n, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá gbé omi kaná kí ó tó wẹ̀, obìnrin ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ mi rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ahun, ohùn mi kẹ̀, mo sì máa ń rìn bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ bá mi jà. Báwo ni irú èmi yóò ṣe dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi kí n sọ pé mo ń lọ hun òdòdó yí etí aṣọ tábìlì ká?

Ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀. Òun ni ìyá olówùú, opó kan láti Ìkòyí ní ilẹ̀ Ìjùmú, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù lọ́jà Kàbà. Ó ti dàgbà tó láti bí mi, Màmá sì ni mò ń pè é. Bí ọjà tuntun bá dé, kò ní pè mí ní gbangba. Á kàn wúkọ́ bí mo bá ń kọjá, á sì fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ìsọ̀. Ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn ni mo ti ń jókòó lórí àpò hun òwú ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, tí àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín àwọn oníbàárà tó ń ná bọ́tìnnì kan bí ẹni ń ná màlúù. Ibẹ̀ ni ó ti fi òwú kan hàn mí ní ọjọ́ kan tí n kò gbàgbé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí inú gúáfà, ó sì rọ̀ débi pé àtàǹpàkò mi, tí iná wẹ́dà ti jó títí tí kò fi mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù, mọ̀ pé òun fọwọ́ kan nǹkan. Ṣùgbọ́n ìdì kan péré ló kù, kò sì nípọn ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Kò tó fìlà. Kò tó àpò. Ìyá olówùú ní, "Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ nìkan ni yóò tó." Mo ní kò burú. N kò ní ọmọ, kò sí ẹni tó bímọ nílé wa, kò sí ẹni tó lóyún nítòsí. Mo hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ méjì nítorí pé òwú náà ló sọ pé ohun tí òun fẹ́ dà nìyẹn. Mo ki wọ́n sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi, kí n lè máa fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní àkókò náà, mo ti ní àfẹ́sọ́nà. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kàbà, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu kan ní Odo-Ape. Àwọn òbí wa ti rí ara wọn lẹ́ẹ̀kan, ìdáná ló kù. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan láti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá mi, nítorí ó fẹ́ gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ síbẹ̀. Mo di irin mú lọ́wọ́ méjèèjì, ìbọ̀wọ́ ńlá wà lọ́wọ́ mi, gíláàsì dúdú bo ojú mi. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí o mú un." Kí n tó rántí ohun tó tún wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí mo ṣí gíláàsì sókè, àfẹ́sọ́nà mi dúró níwájú mi, ó fi ìka méjì gbé ìbọ̀sẹ̀ kan sókè bí ẹni gbé eku tó kú.

"Ta ló ni èyí?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

"Ọ̀rẹ́ wo ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò gùn ju ìka lọ?"

Mo ní mo ṣì í sọ ni, pé mo rí i he lójú títì ni. Ó tún fọwọ́ bọ àpò náà, ó sì yọ ìkejì. Ó ní, "O rí méjèèjì he? Wọ́n jọ ń rìn lọ ni?" Ọ̀gá mi pa jẹnẹrétọ̀ kí ó lè gbọ́ dáadáa. Gbogbo òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: èmi ni mo hun ún. Mo wo ọ̀gá mi, mo wo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti na ọrùn bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Mo sì gbé e mì. Àfẹ́sọ́nà mi kó ìbọ̀sẹ̀ náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ má jẹ́ kí n tan yín: inú mi dùn díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé àwọn kò mọ̀ pé akọni tó bímọ síta ni mí. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ní nǹkan tó ń pa mọ́. Irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́ nìyẹn.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ìlú. Olùkọ́ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àfẹ́sọ́nà mi ti rí mi lẹ́yìn ìsọ̀ ìyá olówùú, ó sì ti gbọ́ ẹ̀rín wa. Wọ́n mú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n mú ẹ̀rín, wọ́n so wọ́n pọ̀, ó sì di pé mo ti bímọ fún opó. Àfẹ́sọ́nà mi kò gbé ìpè mi. Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ dé láti Odo-Ape pé kí èmi àti àwọn òbí mi wá sọ tẹnu wa.

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ-ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, fà mí wọ inú ilé ìdáná. Ó ní ohun tí mo ṣe kò dára, ó ní ojú ti òun, ó ní òun kò ní lè gbórí sókè láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Mo ní kò sí ọmọ kankan. Ó ní, "Ọmọ kò burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Gbé e wá, àlùbáríkà ni." Nígbà tí à ń lọ sí Odo-Ape, mo rí i pé pọ́ńdà ọmọdé àti ọṣẹ wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ní bóyá wọ́n á gbé ọmọ náà wá síbẹ̀, kí òun má bàa bá a lọ́wọ́ òfo.

Wọ́n kí wa ní "Okun o" ní àgbàlá bàbá àfẹ́sọ́nà mi, a sì jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà jókòó lórí àga onígi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ mú ju ti àṣá lọ, ló jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ lórí ìjókòó kékeré kan láàárín wa, bí ẹni gbé ẹ̀rí kalẹ̀ ní kóòtù. Àfẹ́sọ́nà mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wú.

Ìyá àgbà ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ dà?"

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń wo ilẹ̀. Bàbá mi dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì nítorí mi, àgbàlagbà tí n kò rí kí ó kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gàn ni fún mi láti sọ pé n kò sọ ọ́. Ibi tí ó dé nìyẹn nígbà tí ọ̀kadà kan já wọ àgbàlá, tí ìyá olówùú sì sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú gèlè tó ti ṣí sí ẹ̀yìn orí àti ọ̀rá òwú ńlá kan lọ́wọ́.

Kò dúró kí wọ́n kí i. Ó ní, "Èmi ni wọ́n ní mo bímọ! Èmi tí orúnkún ń dùn, tí mò ń di igi mú kí n tó lè dìde! Èyí tó ń pè mí ní Màmá ni mo wá gbé oyún rẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, o jókòó síbí, o di ẹnu bí àpò sìmẹ́ńtì, o jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ mi jẹ̀kọ. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ ti bi í ní ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìsọ̀ mi? Òwú ló ń hun. Òun ló hun ìbọ̀sẹ̀ tó wà níwájú yín yìí. Kò sí ọmọ níbì kankan."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìkà. Ó ní irọ́ tó bá máa rìn, kí ó ní ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wo ọwọ́ mi, ṣé ọwọ́ yìí ló hun nǹkan tí aláǹtakùn ì bá jowú sí? Ìyá olówùú kò bá a jiyàn. Ó ju ìdì òwú kan sí mi láyà, ó ní, "Hun ún kí wọ́n rí i."

Abẹ́rẹ́ sípóòkù mi wà lápò aṣọ mi. Kì í kúrò lára mi. Mo yọ ọ́. Òwú bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú ojú kìíní, mo mú èkejì, mo yí i po. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, mo ti gbàgbé ibi tí mo wà. Bí òwú ṣe ń ṣe mí nìyẹn, bí ó ti ń ṣe mí títí dòní. Ohùn bàbá àfẹ́sọ́nà mi ló mú mi ta jí. Ó ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ mi. "Kí ló wá ń ṣe báyìí?" Ìyá olówùú dá a lóhùn pé, "Gìgísẹ̀ ló ń yí, sà. Ibẹ̀ ló le jù." Bàbá náà ń mi orí bí ẹni ń wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà ní kí àwa àlejò máa lọ, bàbá náà ní, "Ẹ jẹ́ kó yí gìgísẹ̀ tán ná."

Ẹkún ló gba ẹnu ìyá mi. Ó ní, "Nítorí náà, kò sí ọmọ?" Ó yọ pọ́ńdà jáde, ó tún un ki bọ inú báàgì. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni òtítọ́ bà lọ́kàn jẹ́. Bàbá mi ní tirẹ̀ ṣì dúró, fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ má bínú. Mo ti múra àforíjì nítorí ọmọ sílẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n àforíjì nítorí òwú, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu baba mi rí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Gbogbo àgbàlá wó lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ìyá àgbà náà pẹ̀lú.

Àfẹ́sọ́nà mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jáde. Mo bá a lábẹ́ igi kaṣú lẹ́yìn ilé. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá fún un, mo sì ń yọ̀ bọ̀ bí òmùgọ̀.

Ó ní, "Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo ti ń sunkún. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, omijé ń bọ́ sórí bọ́ọ̀dù. O sì mọ̀. O gbà kí n máa pè ọ́ ní alágbèrè, o kò gbà kí n pè ọ́ ní ahunwú."

Mo ní mo bẹ̀rù kí ó má fi mí rẹ́rìn-ín.

"Màá rẹ́rìn-ín. Màá rẹ́rìn-ín títí inú á fi dùn mí. Ẹ̀rín a máa pani ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "N kò lè fẹ́ ẹni tí mi ò mọ ohun tó ń ṣe lọ́sàn-án gangan. Bí o bá fẹ́ hun òwú, gbé e síta kí ayé rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mọ̀ bóyá mo ti bínú tán."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìjókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ní àkókò ìsinmi, mo tú páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń tẹ fèrè, wọ́n ń kígbe "Màmá Wẹ́dà! Màmá Wẹ́dà!" Orúkọ náà ṣì wà lára mi, àwọn kan wà ní Kàbà tí wọn kò mọ orúkọ mìíràn tí mo ń jẹ́. Ó dùn mí ní ọjọ́ kìíní bí ìgbà tí iná ta síni lójú. Ní ọjọ́ kejì ó yún mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ń jẹ́ ẹ.

Àfẹ́sọ́nà mi a máa gba iwájú wa kọjá bí ilé ìwé bá jáde. Ní ọjọ́ kìíní kò wo ẹ̀gbẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó dúró.

"Kí nìyẹn?"

"Fìlà ni."

"Ti ta ni?"

"Tìrẹ ni, bí o bá gbà á."

Ó wò ó títí. "Àwọ̀ rẹ̀ kò dára."

"Màá tú u."

"Má tú u," ó wí, ó sì jókòó.

Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà náà. A ti bímọ, ìyá mi sì ti gbé wọn pọ̀n títí ó fi ní kí a sinmi díẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí: géètì wà ní apá kan, fìlà àti àpò òwú so kọ́ ní apá kejì, àwọn tó wá ra ọ̀kan a máa dúró wo èkejì. Bí mo bá ronú padà, kì í ṣe ẹ̀rín àwọn ọlọ́kadà ló ń dùn mí. Ojú bàbá mi ni mo ń rí, bí ó ti ṣí fìlà lórí ewú, tó fẹ́ kúnlẹ̀ nítorí ohun tí èmi lè fi gbólóhùn kan parí. Ó ti lọ sí ilé ìkẹyìn. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà fún mi rí títí ó fi lọ, mo sì máa ń rò pé ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ àforíjì yẹn fún un, kódà bí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Iná wẹ́dà ti gba tirẹ̀ níbẹ̀. Mo ṣì lè hun òwú láìwò ó, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ rán ìdí rẹ̀ pa, n kò rí ojú abẹ́rẹ́ kékeré. Ìyàwó mi kò mọ òwú hun, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Yóò gbé ìwé tó ń máàkì sílẹ̀, yóò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi níta gbangba, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, yóò fi ètè rẹ òwú, yóò sì kì í bọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Gbà," á wí, á sì padà sídìí ìwé rẹ̀.